Yí I, Má Sún Un: Èrò lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Yíyí Ohun Lójú Kan nínú Ìtòwé

1. Ìfáàrà

Bí wọ́n bá pa àṣẹ kan náà fún àwọn atòwé méjì pé kí wọ́n "yí àkọlé yìí ní 90 dígírì", ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì yóò gbé jáde yàtọ̀ síra, láìsí pé èyíkéyìí nínú wọn ṣàìgbọràn. Ọ̀kan lè yí àkọlé náà kí ó sì wà níbi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, tí ó kàn kọjú sí òkè dípò kí ó kọjú sí ọ̀tún. Èkejì lè yí i kí ó kúrò ní ibùjókòó rẹ̀, kí ó lọ dúró lórí àkọlé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó yí i lóòótọ́. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ ni ibi tí oníkálukú fi ṣe ìdí yíyí náà, àṣẹ náà kò sì sọ nǹkan kan nípa ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò bá bá iṣẹ́ ìtòwé lò. Ṣùgbọ́n lóde òní, kì í ṣe ilé ìtẹ̀wé nìkan ni wọ́n ti ń to ìwé. Olùkọ́ ni ó ń fi kọ̀ǹpútà to ìbéèrè ìdánwò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń to àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀, olùtumọ̀ ni ó ń to àtẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn ni ó ń ṣe alábàápàdé àkọlé tí kò gba inú òpó àtẹ tóóró, àwòrán tí ó tẹ̀, tàbí àtẹ tí ó fẹ̀ ju ojú ewé lọ. Bí wọn yóò bá fi èdè Yorùbá kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé "yí" nìkan kò tó. Pé Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ tí iṣẹ́ náà ń béèrè tipẹ́. Àti pé ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí so orúkọ mọ́ ìyàtọ̀ náà, kí wọ́n sì fẹnu kò lé e lórí.

2. Iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù fún "yí"

Ọ̀rọ̀-ìṣe "yí" dà bí ọmọ-ọ̀dọ̀ tí gbogbo ará ilé ń rán níṣẹ́. Táyà ọkọ̀ ń yí. Ènìyàn a máa yí ọkàn padà. Ọgbà a máa yí ilé ká. Ẹni tí ó ṣubú lórí òkè a máa yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀. Alágbàṣe a máa yí òkúta kúrò lójú ọ̀nà. Nínú àpẹẹrẹ kìn-ín-ní, ohun tí ń yí lè wà lójú kan. Nínú ìkejì, kò sí ohun tí ojú rí tí ó yí rárá. Nínú ìkẹta, ohun kan ni ó pa òmíràn mọ́ àárín. Nínú ìkẹrin àti ìkarùn-ún, yíyí àti kíkúrò níbi tí ohun wà ti di ọ̀kan ṣoṣo tí kò ṣeé yà.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́, èyí kò dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé ojú olùgbọ́ ń ran etí rẹ̀ lọ́wọ́. Inú ìwé ni ìṣòro náà wà. Òǹkàwé kò rí ọwọ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ nìkan ni ó rí.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé èdè náà kò mọ ìyàtọ̀. Ohun mẹ́ta tí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan yóò fi èyí hàn. Ohun kìn-ín-ní ni òkòtó. Nígbà tí ọmọdé bá fi ọwọ́ ta á sórí ilẹ̀, tí ó sì jó dáadáa, gbogbo ara rẹ̀ ni ó ń yí, ṣùgbọ́n kò kúrò níbi tí ó gún sí. Àwọn ọmọdé a ní ó ń jó lójú kan. Ohun kejì ni ilẹ̀kùn. Òun náà ń yí nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó dúró, èyí tí irin fi so mọ́ òpó. Àárín rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ohun kẹta ni ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Bí ó bá fa okùn náà le, tí ó sì ń rìn, yóò yí èèkàn po, kò sì sí ibì kan lára ewúrẹ́ náà tí ó dúró sójú kan.

Èèkàn ni ó ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ti òkòtó wà ní àárín ara rẹ̀, ti ilẹ̀kùn wà ní etí ara rẹ̀, ti ewúrẹ́ sì wà lóde ara rẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá sọ pé ohun kan yí, tí kò sì sọ ibi tí èèkàn rẹ̀ wà, kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Lórí èyí ni gbogbo ohun tí ó kù nínú àpilẹ̀kọ yìí dúró lé.

3. Ẹ̀kọ́ tí lẹ́tà òjé kọ́ni

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í ṣe ohun àná ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Ní ayé ìgbà náà, àti fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, òjé ni lẹ́tà. Àwòrán lẹ́tà wà lórí òpó òjé onígun mẹ́rin kan, ẹni tí ń to lẹ́tà sì ń kó wọn jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà kékeré kan wà tí wọ́n gé sí ẹ̀gbẹ́ òpó náà kí ìka atolẹ́tà lè mọ ibi tí orí lẹ́tà wà láìwò ó.

Bí atolẹ́tà bá dorí lẹ́tà kan kodò, òpó òjé náà kò fẹ̀ sí i, kò sì dín kù. Àyè tí ó gbà tẹ́lẹ̀ náà ni ó gbà, àwọn lẹ́tà tí ó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ kò sì mira. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún àwọn onímọ̀ fònẹ́tíìkì láti rí lẹ́tà tuntun láìná owó lórí dídá òjé tuntun. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì fònẹ́tíìkì àgbáyé, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1886, fi àyè gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀: ə jẹ́ e tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, ʌ jẹ́ v, ɯ jẹ́ m. Lẹ́tà ɔ pẹ̀lú jẹ́ c tí wọ́n yí. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ɔ yìí gan-an ni wọ́n ń lò nínú àkọtọ́ èdè Yorùbá níbi tí àwọn ti Nàìjíríà ti ń lo ọ. Nítorí náà, lẹ́tà kan tí yíyí lójú kan bí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òjé kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kejì. Èèkàn lẹ́tà tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò kò sí ní àárín àwòrán rẹ̀. Àárín òpó òjé ni ó wà. Bí òfìfo tí ó wà lókè àwòrán àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò bá dọ́gba, lẹ́tà náà yóò ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí kí ó rì sísàlẹ̀ ìlà. Ó yí, kò sì gba àyè ẹlòmíràn, síbẹ̀ ojú rí i pé ó ti ṣí díẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé kọ̀ǹpútà ni ó kọ́kọ́ mú ìṣòro yìí wá kò mọ ohun tí ojú àwọn atolẹ́tà rí.

Ẹ̀kọ́ kẹta kan wà tí olùkọ́ lè fi lẹ́tà mẹ́rin ṣàlàyé lórí pátákó. Bí wọ́n bá dorí p kodò láìfi ọwọ́ gbé e kúrò lórí pátákó, d ni yóò dà. Bí wọ́n bá gbé dígí sí ẹ̀gbẹ́ p, q ni yóò hàn nínú dígí náà. Bí wọ́n bá gbé dígí náà sísàlẹ̀ rẹ̀, b ni yóò hàn. Ìyẹn ni pé yíyí àti ohun tí dígí ń ṣe kì í ṣe ohun kan náà, bí ó ti wù kí àwọn méjèèjì jọ ara wọn tó. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì fònẹ́tíìkì, ə tí yíyí e bí àti ɘ tí dígí bí jẹ́ lẹ́tà méjì fún ìró fáwẹ̀lì méjì tí ó yàtọ̀. Olùtumọ̀ tí ó bá pe méjèèjì ní "e tí wọ́n yí" ti da ìró méjì pọ̀ mọ́ ara wọn.

4. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe

Ní 1977 ni Donald E. Knuth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí TeX, ètò tí ó ń fi kọ̀ǹpútà to ìwé. Nínú TeX, àpótí ni ohun gbogbo. Lẹ́tà jẹ́ àpótí, ọ̀rọ̀ jẹ́ àpótí, ìlà jẹ́ àpótí, ojú ewé náà sì jẹ́ àpótí. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní fífẹ̀, ó ní gíga lórí ìlà ìdúró, ó sì ní jíjìn nísàlẹ̀ ìlà náà. Ní àwọn ọdún 1980 ni Leslie Lamport kọ́ LaTeX lé TeX lórí, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì ń lò títí di òní.

TeX fúnra rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ti ń yí àpótí. Èdè mìíràn tí ó ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀ ni ó gbé iṣẹ́ náà fún, irú bíi PostScript tí ilé-iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní 1984. David Carlisle àti Sebastian Rahtz ni wọ́n ṣe àkójọ àṣẹ tí àwọn òǹlò LaTeX fi ń yí ohun tí wọ́n bá fẹ́. Nínú àṣẹ yìí, bí òǹlò kò bá sọ nǹkan kan nípa èèkàn, ìpẹ̀kun òsì ìlà ìdúró ni ètò náà máa ń kàn án mọ́. Ìyẹn ni pé bí ilẹ̀kùn ni àpótí náà ń yí, kì í ṣe bí òkòtó. Òǹlò tí ó bá fẹ́ òkòtó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde pé àárín ni kí èèkàn wà.

Ìṣirò díẹ̀ yóò fi hàn bí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ tó. Bí àpótí kan bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6, tí ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 2, àárín rẹ̀ wà ní 3 sí ọ̀tún àti 1 sí òkè láti igun ìsàlẹ̀ lósì. Bí wọ́n bá kan èèkàn mọ́ igun yẹn, tí wọ́n sì yí àpótí náà ní 90 dígírì lòdì sí aago, àárín rẹ̀ yóò bọ́ sí 1 lósì èèkàn àti 3 lókè rẹ̀. Ó ti rìn ní 4 sí òsì àti 2 sí òkè. Bí ó bá jẹ́ 30 dígírì ni, àárín náà yóò wà ní 2.10 sí ọ̀tún àti 2.37 sí òkè: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin sẹ̀ǹtímítà 1 sí òsì, ó sì gòkè ju 1.3 lọ. Ṣùgbọ́n bí èèkàn bá wà ní àárín, dígírì yòówù kí wọ́n yí i, àárín náà wà ní 3 àti 1 bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Nínú PostScript, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ojú ewé ni ó máa ń jẹ́ èèkàn, èyí tí ó sábà máa ń wà ní igun ìsàlẹ̀ lósì. Àpótí tí ó wà láàárín ojú ewé yóò wá yí bí ewúrẹ́ tí okùn rẹ̀ gùn, ó sì lè rìn títí kí ó jáde kúrò lórí ìwé. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀: wọn yóò sún àárín àpótí wá sí ibi èèkàn, wọn yóò yí i níbẹ̀, wọn yóò sì dá a padà sí ipò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣi àwọn ìgbésẹ̀ yìí tò, èsì rẹ̀ yóò yàtọ̀, nítorí pé kí ènìyàn sún ohun kí ó tó yí i kò dọ́gba pẹ̀lú kí ó yí i kí ó tó sún un. Ó yẹ ní sísọ pé èdè Yorùbá kò ní ìṣòro kankan láti sọ èyí. Àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ máa ń tẹ̀lé bí iṣẹ́ ti tẹ̀ léra: sún un wá, yí i, dá a padà.

Ọ̀nà tí yíyí ń gbà pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ fara sin. Nínú LaTeX, 30 dígírì túmọ̀ sí yíyí lòdì sí aago. Nínú CSS, ìlànà tí wọ́n fi ń ṣètò ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì, 30 dígírì túmọ̀ sí yíyí bí aago ti ń yí, àárín sì ni èèkàn wà bí òǹlò kò bá sọ ohun mìíràn. Olùkọ́ tí ó bá kọ "yí i ní 30 dígírì" nìkan ti fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àṣẹ tí ètò kìn-ín-ní yóò túmọ̀ sí ohun kan, tí ètò kejì yóò sì túmọ̀ sí òdì rẹ̀.

5. Ipò àti àyè

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣòro jù lọ ni gbólóhùn "kí ó má kúrò ní ipò rẹ̀". Ọ̀pọ̀ ń rò pé bí àárín ohun kò bá ti mira, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ mẹ́ta bá sùn sórí ẹní kan, tí èyí tí ó wà láàárín sì yí ara rẹ̀ títí tí ó fi sùn ní ìbú, ìdodo rẹ̀ lè má kúrò níbi tí ó wà. Síbẹ̀ àwọn méjì tí ó kù yóò bá ara wọn lórí ilẹ̀. Ipò rẹ̀ kò yí padà. Àyè tí ó ń gbà ni ó yí padà.

Bákan náà ni ó rí nínú ìtòwé. Àpótí 6 sí 2 tí wọ́n bá yí ní 90 dígírì yóò gba àyè 2 sí 6. Bí ó bá jẹ́ 30 dígírì, àyè tí yóò gbà yóò fẹ̀ ní 6.20, yóò sì ga ní 4.73, ibi yòówù kí èèkàn wà. Èyí ni kókó tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ tẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ létí: èèkàn ni ó ń pinnu ipò, ìwọ̀n yíyí ni ó sì ń pinnu àyè. Ìpinnu méjì ni, ọ̀kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

LaTeX a máa ròyìn àyè tuntun náà fún ìlà tí àpótí wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìlà yóò ga sí i, ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e yóò sún. CSS kì í ròyìn: àyè àtijọ́ ni ó ń fi sílẹ̀, kò sì sí aládùúgbò tí yóò mira, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yí lè gùn lé aládùúgbò rẹ̀ lórí. Kò sí èyí tí ó burú nínú méjèèjì. Ẹni tí ó ń to àkọlé àtẹ fẹ́ ti àkọ́kọ́, nítorí pé kí òpó rẹ̀ lè dín ni ó ṣe yí àkọlé náà. Ẹni tí ó ń tẹ lẹ́tà kan láàárín ọ̀rọ̀ láti fi ṣe àpẹẹrẹ fẹ́ ìkejì, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa já. Bí ó bá jẹ́ LaTeX ni ó ń lò, yóò fi ohun tí ó yí sínú àpótí mìíràn tí ó ní ìwọ̀n ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-ìperí kan ṣoṣo bá wà fún ipò àti àyè, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó lè béèrè èyí tí ó fẹ́.

6. Àmì ohùn kò gbọ́dọ̀ kù sẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá ju ọ̀pọ̀ èdè lọ. Nínú àkọtọ́ tí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí ní 1974, àmì ohùn wà lókè fáwẹ̀lì, ẹ àti ọ sì ní àmì ìsàlẹ̀. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Àmì ohùn wọn jẹ́ ohun ọ̀tọ̀ tí ètò ìtòwé gbọ́dọ̀ gbé lé wọn lórí.

Bí wọ́n bá fi gbogbo ọ̀rọ̀ sínú àpótí kan kí wọ́n tó yí i, fáwẹ̀lì àti àmì yóò jùmọ̀ yí, kò sì sí ewu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yí lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó wá padà kan àmì mọ́ ọn, lè ṣe àṣìṣe ńlá. Àmì ohùn òkè tí wọ́n bá yí ní 90 dígírì yóò tẹ̀ bí àmì ohùn ìsàlẹ̀, àmì ohùn ìsàlẹ̀ yóò sì tẹ̀ bíi ti òkè. Lórí àtẹ tí ó ń ka irinṣẹ́ àgbẹ̀, ọkọ́ lè di ọkọ̀, kí òǹkàwé sì máa wá mọ́tò lọ sínú oko. Ìdí nìyí tí yíyí lójú kan fi gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí yíyí odindi: lẹ́tà, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, lórí èèkàn kan ṣoṣo.

7. Èsì sí àwọn tí ó lè takò

Àwọn kan yóò sọ pé kí wọ́n yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i, kí ó tán síbẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú yíyá ọ̀rọ̀ fún ohun tí Yorùbá kò ní; dígírì àti sẹ̀ǹtímítà wà nínú àpilẹ̀kọ yìí fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń yá fún yíyí kò sọ ibi tí èèkàn wà, gẹ́gẹ́ bí "yí" náà kò ti sọ ọ́. Ẹni tí ó bá yá a ti yá ìṣòro náà mọ́ ọn.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé òkòtó, ilẹ̀kùn àti èèkàn jẹ́ ọ̀rọ̀ abúlé tí kò yẹ ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Kí àwọn wọ̀nyí wo ohun tí Knuth ṣe. Nígbà tí ó ń wá orúkọ fún ohun tí TeX fi ń to ojú ewé, ọ̀rọ̀ inú ilé ni ó lò: ó pe ọ̀kan ní àpótí, ó sì pe òfìfo tí ó ń fẹ̀ tí ó sì ń sún kì láàárín àwọn àpótí ní gọ́ọ̀mù. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ìmọ̀ rẹ̀ kéré nítorí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ti mọ̀ kí ó tó wọ kíláàsì ni ó ń yára wọ̀ ọ́ lórí jù lọ. Iṣẹ́ ìwádìí tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, dúró lórí ìgbàgbọ́ yìí gan-an.

Àtakò kẹta ni ó lágbára jù. Òun ni pé àlàyé gígùn tó, kò sí ìdí fún orúkọ: kí wọ́n kàn máa kọ "yí i láìjẹ́ kí àárín rẹ̀ kúrò níbi tí ó wà". Èyí dára fún ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá jáde. Ṣùgbọ́n ìwé tí yóò lo èrò kan ní ogójì ìgbà kò lè máa tún àlàyé ṣe ní ogójì ìgbà. Àlàyé ni ó yẹ kí ó bí ọ̀rọ̀-ìperí, kí ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un.

8. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dojú kọ ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ìtòwé kò sí lára ẹrù tí wọ́n gbé lé e. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó lè kún un:

(i) Èèkàn ìyí: ojú kan ṣoṣo tí kò mira nígbà tí ohun ń yí.
(ii) Ìyílójúkan: yíyí tí èèkàn rẹ̀ wà ní àárín ohun tí ń yí, bíi ti òkòtó.
(iii) Ìyílétí: yíyí tí èèkàn rẹ̀ wà ní etí tàbí igun ohun náà, bíi ti ilẹ̀kùn.
(iv) Ìyípo: yíyí tí èèkàn rẹ̀ wà lóde ohun náà, bíi ti ewúrẹ́.
(v) Ìsún: kí ohun kúrò ní ipò rẹ̀ láìyí rárá.
(vi) Ìwọ̀n ìyí: iye dígírì, tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọ láìsọ bóyá bí aago ni tàbí lòdì sí aago.
(vii) Ìdoríkodò: ìyílójúkan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 180 dígírì.
(viii) Àfidígíwò: ohun tí dígí ń ṣe sí àwòrán, tí kì í ṣe ìyí rárá.
(ix) Ipò: ibi tí àárín ohun wà lójú ewé.
(x) Àyè: fífẹ̀ àti gíga tí àwọn aládùúgbò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Àǹfààní kan wà nínú àtòjọ yìí tí ó kọjá iṣẹ́ ìtòwé. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó ń kọ́ni pé ayé ń yí lórí ara rẹ̀ ní ojúmọ́ kan, tí ó sì ń yí oòrùn po ní ọdún kan, yóò rí i pé ìyílójúkan ni ti àkọ́kọ́, ìyípo sì ni ti ìkejì. Olùkọ́ ìṣirò tí ó ń kọ́ni ní ìrísí onígun mẹ́ta yóò rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ìyílójúkan, ìyílétí, ìyípo àti ìsún, gba gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, tí àfidígíwò bá kún un. Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó lè sìn ní ẹ̀kọ́ mẹ́ta yẹ ní gbígbà ju èyí tí ó há mọ́ ẹyọ kan lọ.

9. Ìkádìí

Kò sí ẹni tí ó lè fi agbára mú kí àwọn elédè lo ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí àwọn olùkọ́ dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò ní kíláàsì, kí àwọn olùtumọ̀ fi wọ́n sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà, kí wọ́n sì mú ohun tí wọ́n bá rí padà wá sójú ewé ìwé bí èyí. Bí "ìyílétí" bá ṣòro lẹ́nu, kí ẹni tí ó mọ èyí tí ó dùn jù ú lọ mú un wá. Èyí tí kò yẹ ni kí "yí" tún máa dá gbé gbogbo ẹrù náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa rò pé òun ni òun kò gbọ́n nígbà tí àkọlé rẹ̀ bá fò kúrò nínú àtẹ.

Àwọn àgbà sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tí ó bá tún orí ọmọ náà ṣe kì í já a kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Orí nìkan ni ó ń yí, ọmọ wà ní ipò rẹ̀, ọ̀já sì wà bí ó ti wà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn atòwé ń wá orúkọ fún.